Kóòdùrúùmù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀, àti sáfà tó ń dákú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọAlárẹ_Òde

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo kí gbogbo ilé.

Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń so ẹ̀rọ kékeré tó ń wo òtútù mọ́ kóòdùrúùmù àwọn oníṣòwò ẹja, mo sì ń bá àwọn tó ń tọ́ ọmọ adìyẹ ṣe irú rẹ̀ tó ń wo ooru. Òkè-Àjẹ́ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé Òdogbolú àti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ti wọ Rẹ́mọ, Ìpẹru àti Ìkẹ́nnẹ́. Bọ́ọ̀dù ESP32 (kọ̀ǹpútà kékeré) ni mò ń lò, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ DS18B20 méjì tó ń wọn òtútù, ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún, ọ̀kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, síìmù kan, àti bátìrì 18650 kan. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ó ń fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ nípasẹ̀ MQTT (ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ síra wọn) sí sáfà (kọ̀ǹpútà àárín tó ń gba ìsọfúnni) kan tí mo yá ní Jámánì, oníṣòwò á sì máa wò ó lórí fóònù rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ ò tíì pọ̀, iṣẹ́ ń lọ geere. Ní báyìí tí wọ́n ti lé ní 60, wàhálà ti pọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún wákàtí méjì mẹ́ta, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn ti sọnù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni oníṣòwò fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí iná bá padà dé sí àdúgbò kan, gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ya lu sáfà, sáfà á dákú, ẹ̀rọ Ìkẹ́nnẹ́ tí ọ̀rọ̀ ò kàn rárá á bá wọn dákẹ́. Àwọn kan tún máa ń jí tí wọ́n á máa sọ pé ọdún 1970 la wà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, téèsì ìkìlọ̀ ń wọlé fún oníbàárà mi kan ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú títí tó fi pa fóònù, òtútù sì ti ń lọ ní kóòdùrúùmù rẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó wá ń tán mi lókun jù: bí mo bá fẹ́ tún kóòdù inú bọ́ọ̀dù ṣe, àfi kí n gun ọ̀kadà láti ìlú dé ìlú, kí n so wáyà mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti ń rò ó pé kí n yá sáfà tó tóbi ju èyí lọ. Ṣé ibẹ̀ ni ìṣòro wà lóòótọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Kọ̀ǹpútà_ÀgọÌwòyè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lójú tèmi, ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ní cloud (sáfà ńlá tí wọ́n ń yá èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì) fún irú ẹ̀rọ báyìí. Àwọn ni wọ́n á máa mójú tó sáfà, ẹ̀rọ yín ì báà pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kò ní dákú. Iṣẹ́ orí bọ́ọ̀dù nìkan ló máa kù fún yín.

Ẹ̀rọ_Ṣàgámù

Àbúrò, ìmọ̀ràn rẹ kì í ṣe èyí tó burú, àmọ́ kò dáhùn ohun tí ỌmọAlárẹ béèrè. Nínú gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ yẹn, ti dídákú nìkan ni sáfà ńlá lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì tún pọ̀ sí i, á tún padà síbẹ̀ náà ni.

Cloud olówó ńlá pàápàá kì í ṣe ilé àjogúnbá. Google ní ọ̀kan tó ń jẹ́ IoT Core. Wọ́n tì í pa ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2023, gbogbo ẹni tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn ló di ẹni tó ń wá ibòmíràn gbà. Ẹni tó bá ti kọ àdírẹ́sì Google tààrà sínú bọ́ọ̀dù, tí kò sì lè tún un kọ láti ọ̀nà jíjìn, ó di dandan kó lọ bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níbi tó wà. Ọ̀gbẹ́ni ỌmọAlárẹ, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá yá sáfà sí, orúkọ domain (orúkọ àdírẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó jẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ kọ sínú bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá kó kúrò, ibi tí orúkọ náà ń tọ́ka sí nìkan lẹ máa yí padà.

MQTT tẹ́ ẹ ń lò dára. Ọdún 1999 ni Andy Stanford-Clark ti IBM àti Arlen Nipper ṣe é, kí wọ́n lè máa fi sátẹ́láìtì wo ọ̀nà ọ̀pá epo rọ̀bì, níbi tí ìlà ìbánisọ̀rọ̀ ti tín-ín-rín tó sì gbówó lórí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa yìí kò ṣàjèjì sí i. Ohun tó kù ni kí bọ́ọ̀dù náà gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lọ, kó sì ní ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹ má ṣe fi JSON (ìsọfúnni tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀) pamọ́, ó ń jẹ àyè. Ẹ mú 4 bytes (ìwọ̀n àyè ìkópamọ́) fún àkókò, 4 fún nọ́ńbà ìtẹ̀léra, 2 fún òtútù inú, 2 fún ti ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Ìṣẹ́jú 1,440 ló wà nínú ọjọ́ kan, ìyẹn 17,280 bytes. Mẹ́gábáìtì kan ṣoṣo (nǹkan bí mílíọ̀nù kan bytes) nínú flash (ibi ìkópamọ́ inú bọ́ọ̀dù) máa gba nǹkan bí oṣù méjì! Bọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù lọ lọ́jà ní mẹ́gábáìtì mẹ́rin, nítorí náà àyè wà dáadáa.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, kí ó kọ́kọ́ fi èyí tó rí lọ́wọ́lọ́wọ́ ránṣẹ́, kí oníṣòwò mọ bí nǹkan ṣe rí báyìí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó máa fi ti àtẹ̀yìnwá tẹ̀ lé e, bí 50 lẹ́ẹ̀kan, kó máa sinmi láàárín. Ní ti yíya lu sáfà, kí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ mú iye ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárín 0 sí 300, bó ṣe bọ́ sí i, kó dúró tó bẹ́ẹ̀ kó tó kanlẹ̀kùn. Bí wọn ò bá ṣílẹ̀kùn, kó sọ ìdúró náà di ìlọ́po méjì, títí dé òpin kan tẹ́ ẹ bá yàn. Sáfà kékeré tẹ́ ẹ ní yẹn máa gbà wọ́n láìmí gúlẹ̀.

Kí ẹ sì fi QoS 1 (ìpele MQTT tí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun ti gbà á) ránṣẹ́, kí nǹkan má baà sọnù mọ́.

Adé_Ìlíṣàn

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo fọwọ́ sí àyàfi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó lè ṣì í lọ́nà.

Àkọ́kọ́, bí ó bá jẹ́ PubSubClient (kóòdù MQTT tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) ló ń lò lórí Arduino (ọ̀nà ìkọ kóòdù fún bọ́ọ̀dù), tó sì jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń lò, QoS 0 (tí kì í dúró de ìdáhùn) nìkan ni ó lè fi ránṣẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń yí i. Àfi kó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà nínú ESP-IDF (irinṣẹ́ ìkọ kóòdù tí àwọn tó ṣe ESP32 ń fúnni) ń ṣe QoS 1 àti 2.

Ìkejì, QoS 1 kò túmọ̀ sí pé ìsọfúnni dé database (ibi tí sáfà ń to ìsọfúnni pamọ́ sí). Broker (ètò orí sáfà tó ń gba ọ̀rọ̀ MQTT tó sì ń pín in) ló ń dáhùn pé òun ti gbà á. Bí ètò tó ń kó nǹkan láti ọ̀dọ̀ broker lọ sínú database bá ti kú ní àsìkò yẹn, bọ́ọ̀dù á ti pa tirẹ̀ rẹ́ nítorí wọ́n ti ní "a ti rí i gbà", database kò sì rí nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé sáfà á kọ̀wé padà sí bọ́ọ̀dù lórí topic (àkọlé tí ọ̀rọ̀ MQTT ń gbà kọjá) mìíràn lẹ́yìn tó bá ti kọ nǹkan sílẹ̀ tán: "mo ti ní gbogbo rẹ̀ dé nọ́ńbà 48,210." Ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀dù tó lè pa wọ́n rẹ́.

Ìkẹta, QoS 1 lè mú ohun kan náà dé lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà kí database fi orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà ìtẹ̀léra ṣe kọ́kọ́rọ́ tí kò gbọdọ̀ pé méjì. Èyí tó bá tún dé, kó jù ú nù jẹ́ẹ́.

ÌyáẸlẹ́ja_Ìmọ̀wò

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ MQTT, ẹja ni mo mọ̀. Kóòdùrúùmù méjì ni mo ní, wọ́n so irú ẹ̀rọ yìí mọ́ wọn fún mi. Ẹlòmíràn ló ṣe é, kì í ṣe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí àwa tí à ń sanwó ń wá.

Ẹja dídì, dígírì -18 la fẹ́ kó wà. Láàárọ̀, tí àwọn ọmọ bá ń já páálí ṣáwà láti inú ọkọ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ inú á yí padà kíá, àmọ́ ẹja tó wà nínú páálí ò tíì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Tí ẹ̀rọ amúǹkantutù bá ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ dànù, á tún pariwo. Ẹni tó bá ń ké olè lójoojúmọ́, ọjọ́ tí olè bá dé gan-an, ta ni yóò jáde sí i? Mo ní kí wọ́n bá mi ki sẹ́ńsọ̀ kan sáàárín páálí, kó máa wo ẹja, kó fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ara ti tù mí.

Ohun mìíràn tún ni fèrè. Ọlọ́dẹ mi ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kóòdùrúùmù. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ lọ sí Jámánì kó tó padà wá dún sí i létí? Ẹ so fèrè mọ́ ẹ̀rọ náà tààrà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kó má wà. Dísù ti wọ́n jù láti máa tan jẹ́ńẹ́rétọ̀ sílẹ̀ lásán. A máa ń pa á lóru, a sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ ká tún un tàn.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ̀wé sí mi, ẹ kọ ọ́ lédè Yorùbá, kẹ́ ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "Kóòdùrúùmù kejì, òtútù ti bọ́ sí -11 láti wákàtí kan, iná ò sí." Ẹ má kọ nọ́ńbà ránṣẹ́ lásán. Lóru, ẹ pè mí. Téèsì kì í jí èèyàn.

Ẹ̀rọ_Ṣàgámù

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín ló yẹ kí gbogbo wa kọ́kọ́ kà.

ỌmọAlárẹ, ẹ mú u láti ibẹ̀. Ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ dá lórí kíkà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ̀n òtútù gbọ́dọ̀ ti gòkè kọjá -12, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, kí ìkìlọ̀ tó jáde. Kó má sì pa ìkìlọ̀ náà títí òtútù á fi padà dé -15. Àlàfo àárín méjèèjì ni kò ní jẹ́ kó máa tan-kú tan-kú. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ìkìlọ̀ kan. Bí ẹni tí wọ́n pè kò bá tẹ nǹkan kan láti fi hàn pé òun ti gbọ́, kí wọ́n pe ẹnì kejì tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀.

Kí sáfà sì máa wo àkókò tí bọ́ọ̀dù ka nǹkan, kó má wo àkókò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù bá kó ti àná dé, sáfà á máa pe èèyàn sórí ohun tó ti kọjá.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́: bí gbogbo ẹ̀rọ àdúgbò kan bá dákẹ́ pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kò yẹ kí ẹ máa jí ogún oníṣòwò nítorí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó wó.

ÌyáẸlẹ́ja_Ìmọ̀wò

Rárá o, ọmọ mi. Ẹ jí mi. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, mi ò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni tàbí iná tàbí ẹnì kan ló gé wáyà. Màá rán ọmọ lọ wò ó. Ẹran àti ẹja tó wà níbẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

Adé_Ìlíṣàn

Ọ̀nà kan wà tó lè tẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́rùn. Bátìrì wà lára bọ́ọ̀dù. Bí iná bá lọ, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń dúró díẹ̀ kí òun náà tó kú, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tí bọ́ọ̀dù máa sọ ni pé "iná ti lọ, bátìrì ni mò ń lò." Bí ó bá wá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe Màmá. Bí ó bá dákẹ́ nígbà tí iná ṣì wà, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà dákẹ́, ẹ fi téèsì kan ṣoṣo ránṣẹ́. MQTT ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní last will: bọ́ọ̀dù á ti fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sọ́wọ́ broker tẹ́lẹ̀, bí bọ́ọ̀dù bá já láìdágbére, broker á gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹ lò ó.

BàbáAdìyẹ_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ará, ti adìyẹ yàtọ̀ sí ti ẹja o. Ẹja á fún yín ní wákàtí mélòó kan. Ọmọ adìyẹ ọjọ́ kan ń fẹ́ ooru tó tó 32 sí 35 dígírì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ká tó máa dín in kù ní nǹkan bí dígírì mẹ́ta mẹ́ta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ooru bá lọ lóru, wọ́n á kó ara wọn jọ sójú kan, wọ́n á tẹ ara wọn pa, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹ ó ti máa kó òkú.

Nítorí náà èmi ò fẹ́ kí àṣẹ títan àti pípa iná ooru kọjá ọgbà mi rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní ìhà Ivory Coast, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, síìmù ṣì ń ṣiṣẹ́ níbí, a ń pe ara wa, àmọ́ ìlú òkèèrè ò ṣe é dé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà ní Yúróòpù kàn ń wò ni. Lọ́gbà tèmi, Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) kan wà ní ọ́fíìsì, Mosquitto (ètò broker) wà lórí rẹ̀, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ nípa Wi-Fi, òun ló ń tan iná ooru. Èyí tó bá rí rán síta, ó ń rán an; èyí tí kò bá rí rán, ó wà nílé.

Ẹ gbé sáfà sínú ilé oníṣòwò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí sí i nìyẹn.

Sólà_Òdogbolú

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà. Mo gbà pé kí àṣẹ wà nílé. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé Raspberry Pi lásán fún gbogbo oníṣòwò. Káàdì SD ni wàhálà ibẹ̀. Bí iná bá já nígbà tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, fáìlì á bàjẹ́, ọjọ́ kan á kọ̀ láti tan, ẹni tó wà níbẹ̀ ò sì ní mọ ohun tó máa ṣe sí i. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé lọ́dọ̀ oníbàárà tó pọ̀. Ẹni tó bá máa lò ó, kó fi SSD (ibi ìkópamọ́ tó lágbára ju káàdì lọ) sí i, tàbí kó ti apá tí ètò wà lórí káàdì náà kí nǹkan kan má lè kọ sórí rẹ̀, kó sì fi bátìrì kékeré tì í lẹ́yìn.

Fún títan-pípa iná ooru, ESP32 fúnra rẹ̀ tó o. Kóòdù ìlà mélòó kan ni: bí ooru bá dín sí iye báyìí, tan, bó bá ju báyìí lọ, pa. Kí sáfà kàn máa yí iye náà padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí bọ́ọ̀dù sì rántí èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn.

BàbáAdìyẹ_Ìkẹ́nnẹ́

SSD ló wà nínú tèmi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn. Ẹ ṣeun, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà fi káàdì ṣe é.

Títí_Ìpẹru

Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọdún 1970, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì.

ESP32 kò ní aago tó ń dúró bí iná bá kú pátápátá. Bó bá tún jí, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò Unix, ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1970, títí á fi béèrè aago lọ́wọ́ NTP (ètò tó ń sọ aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì). Bí bátìrì 18650 yẹn bá tán nínú ìdádúró iná tó gùn, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sì sí nígbà tó jí, gbogbo ohun tó ń kọ sílẹ̀ ni yóò ní ọjọ́ irọ́. Ẹ ra DS3231 (aago kékeré tó dá dúró), ẹ so ó mọ́ ọn pẹ̀lú bátìrì pẹlẹbẹ CR2032. Ó ń pa aago mọ́ fún ọdún mélòó kan. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀ ní UTC (aago àjọlò gbogbo ayé), kẹ́ ẹ fi wákàtí kan kún un nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi han oníṣòwò. Aago tiwa kì í yí padà láàárín ọdún, nítorí náà kò sí ìdààmú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago yìí tún wọnú ààbò. Bí ẹ bá ń lo TLS (ọ̀nà tó ń bo ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì), bọ́ọ̀dù á wo ìwé ẹ̀rí sáfà yín, á rí i pé ìwé náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970, á sì kọ̀ láti wọlé. Ẹ ó máa wá ẹ̀bi lọ́dọ̀ síìmù, aago ni. Ìwé ẹ̀rí náà sì tún ń kú fúnra rẹ̀: ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni gbòǹgbò ìwé ẹ̀rí kan tí Let's Encrypt (àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí sáfà) gbára lé, DST Root CA X3, parí, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn ò ṣe àtúnṣe sí kò sì lè wọlé mọ́. Fún ẹ̀rọ tó wà lára ògiri fún ọdún mẹ́wàá, mo máa ń ṣe gbòǹgbò ìwé ẹ̀rí tiwa fún broker, tó máa pẹ́ dáadáa, mo sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè dé.

Ní ti gígun ọ̀kadà láti ìlú dé ìlú, ẹ pín flash sí méjì fún ètò. Kóòdù tuntun á wọ apá kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá parí, bọ́ọ̀dù á fi tuntun jí. Bí tuntun náà kò bá lè bá sáfà sọ̀rọ̀ láàárín àkókò tẹ́ ẹ yàn, á padà sí ti àtijọ́ fúnra rẹ̀. ESP-IDF ní ọ̀nà ìpadàsẹ́yìn yìí tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa tan án, kẹ́ ẹ sì kọ ìdánwò bíbá sáfà sọ̀rọ̀ náà sínú kóòdù yín. Mẹ́gábáìtì 1.25 lọ́nà méjì fún ètò, ọ̀kan fún ìkópamọ́ tí ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù sọ, á wọnú mẹ́rin yẹn dáadáa. Ẹ buwọ́ lu kóòdù náà kí bọ́ọ̀dù lè mọ̀ pé ọwọ́ yín ló ti wá. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kó lè máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi rán ẹ̀rọ méjì mẹ́ta tó wà nítòsí yín, ẹ wò wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, kí ti Ìjẹ̀bú-Igbó tó gbà á.

Ohun kan kù nípa ìkópamọ́. Flash ń gbó: apá kékeré kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gba ìparẹ́ tó tó 100,000. Ẹ má máa kọ sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó ìṣẹ́jú mẹ́wàá jọ ná, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Sólà_Òdogbolú

Àǹtí Títí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣáájú kí iná tó lọ ni oníṣòwò máa ń bi wá. Bí bọ́ọ̀dù bá kú kí ó tó kọ ọ́, ó ti lọ. Ẹ so wáyà kan láti ibi tí iná ti ń wọlé mọ́ ẹsẹ̀ kan lára ESP32, pẹ̀lú resistor méjì tó máa dín fóltéèjì kù. Ní kété tí iná bá lọ, kó kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bátìrì á gbé e fún ìyẹn.

Títí_Ìpẹru

Òótọ́ ni. Ẹ fi kún un.

Kòkó_Ìjẹ̀búIgbó

Ṣé kò ní dára kí ẹ fi síìmù sílẹ̀ pátápátá? LoRa (rédíò kékeré tó ń dé ọ̀nà jíjìn) ni mo rí lọ́dọ̀ àwọn kan. Òpó kan ṣoṣo láàárín ìlú, gbogbo sẹ́ńsọ̀ á máa bá a sọ̀rọ̀, owó dátà á di ti ẹyọ kan.

Adé_Ìlíṣàn

Ó dára fún àwọn tó wà nítòsí ara wọn, bí àwọn ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ́. Àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín gan-an. Lórí ètò 868 MHz tí àwọn ará Yúróòpù ń lò, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà tó jìn jù lọ, 51 bytes ni ẹ lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kíkà mẹ́rin tó jẹ́ 12 bytes nìyẹn, ó tán. Kóòdù tuntun tí Àǹtí Títí ń sọ yẹn kò ṣe é gbà lórí rẹ̀ bí èèyàn ṣe máa fẹ́. Ní apá tiyín lọ́hùn-ún, igi àti òkè á tún gé ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Inú kóòdùrúùmù gan-an, irin ló yí i ká: ẹ fi wáyà fa sẹ́ńsọ̀ wọlé, kí eríàlì dúró síta.

Nígbà tí mo ti wà níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ààbò. Ní ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai wọnú àìmọye kámẹ́rà àti router (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) káàkiri ayé. Kò ṣe ọgbọ́n àrà kankan. Orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tó lé díẹ̀ ní 60, irú èyí tí iléeṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tà á, ló ń gbìyànjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ náà ya bo iléeṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì ńlá kò sì ṣí fún wákàtí púpọ̀. ỌmọAlárẹ, bí gbogbo bọ́ọ̀dù yín bá ń lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà, ẹni tó bá jí ọ̀kan tú lára ògiri ti ní gbogbo rẹ̀. Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí broker sì má jẹ́ kó rí topic ẹlòmíràn. Oníṣòwò kan kò gbọdọ̀ lè mọ ìgbà tí kóòdùrúùmù oníṣòwò kejì ṣófo.

Ẹ̀rọ_Ṣàgámù

Kí ẹ tó sọ pé ẹ ti parí iṣẹ́, ẹ dúró de Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn régbérégbé bá ti jáde, tí ẹṣin ti ń fò, tí gbogbo èèyàn ń gbé fídíò síta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wà lójú fóònù ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ní kọjá. Ìyẹn le ju kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má sí rárá lọ, nítorí bọ́ọ̀dù á rò pé òun ti wọlé, á máa dúró de ìdáhùn. Ẹ fi òpin sí bó ṣe máa dúró pẹ́ tó, kó jáwọ́, kó padà sídìí wíwo òtútù. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé nítorí tó ń dúró de sáfà, kò ka sẹ́ńsọ̀, kò sì fun fèrè.

ỌmọAlárẹ_Òde

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́. Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Fèrè tààrà àti sẹ́ńsọ̀ àárín páálí ni màá kọ́kọ́ ṣe, èyí kò ní kí n kọ kóòdù púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá pààrọ̀ PubSubClient, kí n fi ìkópamọ́, nọ́ńbà ìtẹ̀léra àti ìdúró sí i. DS3231 ti wà nínú ìwé ohun tí mo fẹ́ rà. Níwọ̀n ìgbà tí mo ṣì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, flash olójú méjì ni màá gbé lọ, kó lè jẹ́ ìgbà tó kẹ́yìn tí màá fi wáyà ṣe é. Sáfà kékeré náà ni màá ṣì máa lò.

ÌyáẸlẹ́ja_Ìmọ̀wò

Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ẹni tó so ẹ̀rọ yìí mọ́ ògiri mi bá rìnrìn àjò, tàbí ó ṣíwọ́ iṣẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i? Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Títí_Ìpẹru

Màmá, ìbéèrè ńlá nìyẹn, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn olówó ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2016, Nest, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ni Google, ti sáfà ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Revolv pa. Ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ti fowó rà, tó ń tan iná ilé wọn, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ ní kó wà nínú ìwé àdéhùn pé bí sáfà ò bá sí mọ́, fèrè àti ojú kékeré tó ń fi òtútù hàn lára ẹ̀rọ á ṣì máa ṣiṣẹ́, àti pé ẹ lè gba gbogbo àkọsílẹ̀ kóòdùrúùmù yín sínú fáìlì tẹ́ ẹ lè ṣí fúnra yín. Kí síìmù náà wà lórúkọ yín àti NIN yín, kó má wà lórúkọ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Adé_Ìlíṣàn

Kí ỌmọAlárẹ náà san owó domain sílẹ̀ fún ọdún tó pọ̀. Ti .com ń gba tó ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ yẹn ló wà nínú gbogbo bọ́ọ̀dù. Bí owó rẹ̀ bá tán, tí ẹlòmíràn sì rà á, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni gbogbo ẹ̀rọ á máa kanlẹ̀kùn lọ. Ìwé ẹ̀rí tí Àǹtí Títí sọ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n wọlé fún un, àmọ́ wọn ò ní rí sáfà yín náà mọ́. Ẹ so orúkọ kejì, tẹ́ ẹ rà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, sínú kóòdù tuntun yẹn nísinsìnyí kẹ́ ẹ tó gbé e lọ.